Páálí La Rà, Kì Í Ṣe Kámẹ́rà

Mo mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń wá síwájú pátákó yìí láti wo fọ́tò íńtá-háúsì, tí ẹ ò sì rí nǹkan kan. Àwọn kan tiẹ̀ ti sọ ọ́ sí mi lójú pé ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ti fi owó kámẹ́rà ra súyà. A ò ra súyà o. Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ láti rò, èmi gan-an sì wà lára àwọn tó jẹ̀bi. Èrò tèmi ni mo kọ síbí, kì í ṣe ti gbogbo ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta (46) dá ₦1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦46,000. A ra kámẹ́rà ní ₦38,000, a ra mẹ́mórí káàdì ní ₦5,000, àwa mẹ́ta tí wọ́n rán lọ sọ́jà sì wọ ọkọ̀ ₦1,800 ní àlọ àti àbọ̀. ₦1,200 tó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ akápò. Àwọn kan nínú wa fi owó oúnjẹ ọ̀sán wọn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kámẹ́rà sì pọn dandan fún wa, torí òfin ilé ìwé kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú fóònù wá, a ò sì lè máa tọrọ fóònù lọ́wọ́ tíṣà ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí a dé ìsọ̀, kámẹ́rà kékeré méjì ni ẹ̀gbọ́n tó ń tajà gbé síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Ara rẹ̀ ti bó díẹ̀, 12 megapixel ni wọ́n kọ sí i lára, wọ́n ní ₦40,000 ni. Èkejì jẹ́ tuntun. Orúkọ tí a ò gbọ́ rí ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ ń dán gbinrin, wọ́n sì kọ "48 megapixel" àti "zoom 16x" gàdàgbà sí i. ₦38,000. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. Ta ló máa ra 12 nígbà tí 48 wà nílẹ̀, tí owó rẹ̀ tún kéré? Mo rántí pé èmi ni mo sọ pé, "Ìlọ́po mẹ́rin mà ni!" Ẹ̀gbọ́n náà kò sọ púpọ̀. Ó kàn nawọ́ sí páálí, ó ní, "Ẹ kà á fúnra yín, ṣebí ọmọ ilé ìwé ni yín." A kà á. A jáde sẹ́nu ọ̀nà, a ya fọ́tò kan nínú oòrùn, ó dára, a sanwó. A ò gba rìsíìtì.

Ọjọ́ íńtá-háúsì ni ojú wa là. Kámẹ́rà yìí, tí o bá tẹ̀ ẹ́, ó máa kọ́kọ́ ronú ná. Nígbà tó bá máa fi yà á, ẹni tó ń sáré ti kọjá ìlà ìparí, ó ti ń mu omi. Nínú eré 100 mítà àwọn ọmọbìnrin, fọ́tò tí a ní kò ju pápá òfìfo àti gìgísẹ̀ ẹnì kan lọ. Nígbà tí mo fi zoom fa ẹni tó ń gba ife ẹ̀yẹ súnmọ́, ojú rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn nínú gbọ̀ngàn, gbogbo fọ́tò ṣókùnkùn, àmì pupa àti àmì ewé kéékèèké sì wà káàkiri lára aṣọ funfun wa bí ẹni da ata lé e.

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín ni ti Bàbá Ọlọ́dẹ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn ló máa ń ṣí géètì kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé, àwọn náà ló sì máa ń bá ẹni tó pẹ́ dé bẹ tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n wọ agbádá, ìyàwó wọn wọ aṣọ kan náà, ọ̀gá àgbà fún wọn ní ìwé ẹ̀yẹ, èmi ni mo sì ya fọ́tò wọn. Mo yà á ní mẹ́sàn-án. Mo rí wọn lójú kámẹ́rà bí mo ṣe ń yà wọ́n. Fọ́tò náà kò dán, ṣùgbọ́n ojú Bàbá hàn, ẹ̀rín wọn hàn. Nígbà tí a ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Ajé, orúkọ fọ́tò wà níbẹ̀, fọ́tò kò sí. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò ṣí.

Bàbá ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ibi tó jìn ni wọ́n ń gbé báyìí, ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó débí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a sọ fún wọn pé a ṣì ń fọ fọ́tò náà lọ́wọ́. Ní ìgbà kejì, a ní kò sí iná níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Kò burú, ẹ̀yin ọmọ mi, màá tún yà." Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Fọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilẹ̀ wa. Tíṣà iṣẹ́ ọnà sọ fún wa pé láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, onífọ́tò lè ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì sórí ìwé kan bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Ẹni tó bá rò ó dé ibẹ̀ yóò mọ ohun tó ń mú Bàbá wọ ọkọ̀ méjì wá bá wa.

Mo ti pinnu pé mi ò ní í parọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo wá lọ béèrè ohun tó ṣe wá lọ́wọ́ tíṣà fisíìsì, lọ́wọ́ onífọ́tò àdúgbò wa, àti lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti ra irú kámẹ́rà pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo kọ́ rèé.

Àkọ́kọ́, 48 yẹn. Àmì kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ tó di àwòrán ni wọ́n ń pè ní pixel. Mílíọ̀nù kan irú àmì bẹ́ẹ̀ ni megapixel kan. Ní ọdún 1975 ni Steven Sasson, ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà díjítà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́. Àmì 10,000 péré ló wà nínú àwòrán rẹ̀, ó sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kó tó tọ́jú ẹyọ kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, lóòótọ́ ni pé iye àmì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n mélòó la nílò? Fọ́tò tí a ń lẹ̀ mọ́ pátákó yìí jẹ́ íńṣì 6 sí íńṣì 4. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àmì 300 ló máa wà nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan. 6 lọ́nà 300 jẹ́ 1,800. 4 lọ́nà 300 jẹ́ 1,200. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ máa rí 2,160,000. Megapixel méjì àti díẹ̀ péré nìyẹn! Tòkunbọ̀ 12 tí a fi ṣẹ̀sín yẹn ju ìlọ́po márùn-ún ohun tí a nílò lọ.

Èkejì, 48 yẹn gan-an kì í ṣe òótọ́. Nínú kámẹ́rà, ohun pẹlẹbẹ kan wà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, sensor ni wọ́n ń pè é. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ti àwọn ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, sensor yìí kò ju nǹkan bíi mílímítà 6 sí 4 àti ààbọ̀ lọ, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà irú tiwa, ó tún kéré sí ìyẹn. Bí irú sensor bẹ́ẹ̀ bá ní àmì mílíọ̀nù mẹ́jọ, àwọn tó ṣe kámẹ́rà lè ní kó máa dá àmì mìíràn sáàárín àwọn tó wà nílẹ̀ títí yóò fi di mílíọ̀nù 48. Kámẹ́rà ò rí nǹkan tuntun kankan o, ó kàn ń méfò ni. Ó dà bí ìgbà tí àlejò pọ̀ nílé tí wọ́n bomi sí ọbẹ̀. Ìkòkò kún, ẹran kò pọ̀ sí i.

Zoom náà rí bẹ́ẹ̀. Ti zoom gidi, awò ojú kámẹ́rà ló ń yọ síta tó ń wọlé, ẹ máa fi ojú yín rí i. Ti páálí wa, awò kò mira rárá. Ó kàn ń gé àárín fọ́tò, ó ń fẹ̀ ẹ́, ohun tí a lè fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Iná kékeré tó wà lára rẹ̀ náà kì í ṣe fíláàsì gidi, tọ́ọ̀ṣì lásán ni. Sensor kékeré sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ fi dára tí ti gbọ̀ngàn fi bàjẹ́. Nínú oòrùn, ekukáká la fi máa rí kámẹ́rà tí kò ní í díbọ́n pé òun dáa.

Ẹ̀kẹta, káàdì. Èyí ló dùn mí jù. Wọ́n kọ 64GB sí i lára, kọ̀ǹpútà pàápàá kà á sí 64GB. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń mú káàdì kékeré, wọ́n á tún inú rẹ̀ ṣe kó lè máa pe ara rẹ̀ ní ńlá. Bí ẹ bá ṣì ń kó nǹkan díẹ̀ sí i, kò ní í sí wàhálà. Ọjọ́ tí ẹ bá kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ fọ́tò sílẹ̀ láìní fọ́tò nínú. Fọ́tò àti fídíò íńtá-háúsì ti kún tiwa kó tó kan Bàbá. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní H2testw. Ó máa kó nǹkan kún inú káàdì, á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tó kó síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tíṣà kọ̀ǹpútà bá wa ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Káàdì 64GB wa kò tó 8GB. Kí ni ì bá ná wa ká ti ṣe é kí íńtá-háúsì tó dé? Ọ̀sán ọjọ́ kan péré.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ṣe. Sínípọ̀ wa kan ní SS3 sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ra irú tiwa láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò. Ìsọmọlórúkọ àkọ́kọ́ tó gbé e lọ, wọn ò sanwó fún un, wọ́n tún bú u mọ́ ọn. Àǹtí mi náà ra ọ̀kan fún ọmọ wọn ọlọ́dún méje, inú ọmọ yẹn sì ń dùn dòní, torí ewúrẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń yà kiri nínú oòrùn. Àǹtí mi ò kábàámọ̀ rárá. Tíṣà wa kan sì ní kámẹ́rà kékeré tòkunbọ̀ tó ń lo bátìrì méjì, irú èyí tí à ń kì sínú aago ara ògiri. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n ní bátìrì tí kò dáa máa ń tètè kú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ra èyí tó ṣeé cháájì, wàhálà ti tán. Onífọ́tò àdúgbò wa sọ pé irú rẹ̀ ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí òun tó ra ńlá.

Ẹ rí i pé kì í ṣe owó kékeré ló kó bá wa. Gbogbo ẹni tí mo bá ti ń rojọ́ fún ló ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ₦2,000 péré ló wà láàárín èyí tí a rà àti èyí tí a fi ṣẹ̀sín. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí inú rẹ̀ dùn àti ẹni tó ń kábàámọ̀ ni pé ti àkọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe. Àǹtí mi fẹ́ ohun ìṣeré, ohun ìṣeré ni wọ́n rà. Àwa fẹ́ ohun tó máa ya ẹni tó ń sáré, tó máa ya èèyàn nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, a wá lọ ra nọ́ńbà.

Ṣé ẹni tó tà á fún wa kò jẹ̀bi ni? Ó jẹ̀bi. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà, ti ọdún 2018, tó wà láti dáàbò bo oníbàárà. Ó ní kí oníṣòwò má fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ ta ọjà, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. A padà lọ. Wọ́n nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Wọ́n ní ká mú rìsíìtì wá. Ẹ̀tọ́ wà lóòótọ́, ẹ̀rí la ò ní.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bínú sí ẹ̀gbọ́n yẹn, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ló ṣe fún wa gan-an? Ó fi ọ̀rọ̀ dídùn dípò òótọ́, nítorí ó mọ̀ pé a máa gbà á gbọ́. Kí la wá ṣe fún Bàbá Ọlọ́dẹ? Ṣebí ohun kan náà ni. "A ṣì ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́" tiwa náà, 48 megapixel ni. Ó tiẹ̀ ya ti ẹ̀gbọ́n yẹn, ó kéré tán ó fún wa ní ohun tó ń ya fọ́tò nínú oòrùn. Àwa ò fún Bàbá ní nǹkan kan, a sì tún jẹ́ kí wọ́n máa ná owó ọkọ̀.

Ohun tó tún jẹ́ kí n tètè kọ ìwé yìí ni pé mo gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ ta kámẹ́rà náà fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan tí kò jìnnà síbí. Wọ́n ní ká nu páálí rẹ̀ dáadáa, ká pè é ní ₦35,000. Mo mọ ìdí rẹ̀, owó wa ń dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn náà fi owó oúnjẹ ọ̀sán wọn sí i. Wọ́n náà máa ní Bàbá Ọlọ́dẹ tiwọn.

Torí náà, àbá mi rèé fún ẹgbẹ́ àti fún àwọn tíṣà wa.

1. Kí ààrẹ ẹgbẹ́, akápò àti èmi lọ bá Bàbá nílé wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí tíṣà kan jọ̀wọ́ tẹ̀ lé wa. Ká kúnlẹ̀, ká dọ̀bálẹ̀, ká sọ òótọ́. Ká bẹ̀ wọ́n kí àwọn àti ìyàwó wọn tún wọ aṣọ yẹn, ká fi kámẹ́rà tíṣà wa yà wọ́n. A mọ̀ pé kì í ṣe fọ́tò ọjọ́ yẹn gan-an. ₦1,200 tó kù, ká fi í kún owó ọkọ̀ tí wọ́n ti ná.

2. Ká má ta kámẹ́rà wa fún ẹnikẹ́ni pẹ̀lú páálí yẹn. Ká máa fi ya ohun tó dúró sójú kan nínú oòrùn: kíláàsì tó tò lẹ́sẹẹsẹ, òdòdó, ogiri tuntun. Ó lè ṣe ìyẹn. Páálí rẹ̀, ká fà á ya.

3. Nígbà tí a bá máa ra òmíràn, ká mú ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ká ya fọ́tò nínú ìsọ̀, níbi tó ṣókùnkùn jù. Ká ní kí ẹnì kan máa rìn kọjá, ká yà á. Ká wo bóyá awò rẹ̀ ń yọ jáde tí a bá fi zoom fa nǹkan. Ká ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà kí a tó sanwó, ká má gbẹ́kẹ̀ lé ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ká gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ kámẹ́rà sí.

4. Káàdì yòówù tí a bá rà, kó kọ́kọ́ dé yàrá kọ̀ǹpútà fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí a kó fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé kí a tó lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ká ti ṣe èyí ni, mẹ́ta nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ì bá má tiẹ̀ là, ṣùgbọ́n a ì bá mọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì yẹn nígbà tí Bàbá ṣì wọ agbádá, a ì bá sáré lọ yá fóònù tíṣà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ máa bínú pé mo tú àṣírí wa síta. Ẹ má bínú sí mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tiwa ò sì tíì pé oṣù kan. Ó sàn kí ó bá a nísinsìnyí lórí pátákó tiwa ju kí Bàbá tún wọ ọkọ̀ méjì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, àyè wà lábẹ́ ìwé yìí. Ẹ kọ tiyín, ẹ mú un wá fún wa, a máa lẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn, SS2